Blessing Oborududu, Àgbà Oníjàkadì

Blessing Oborududu jẹ́ oníjàkadì obìnrin ọmọ Nàìjíríà, ẹ̀yà Ijaw láti Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1989 ni wọ́n bí i. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó gba àmì-ẹ̀yẹ fún orílẹ̀-èdè yìí nínú ìjàkadì Òlíńpíìkì. Fàdákà ni, ní Tókyò, lọ́dún 2021. Ọmọ ọdún 32 ni nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ oníjàkadì ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Ìjàkadì kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Ijaw. Bí gídígbò ṣe wà nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ ni àwọn ará etí odò náà ní tiwọn, ìlú a máa pe ìlú níjà. Ibẹ̀ náà ni Daniel Igali ti wá, ọmọ Eniwari ní Bayelsa, tó bá Nàìjíríà lọ sí ìdíje Commonwealth ní Kánádà lọ́dún 1994 tí kò bá wọn padà wálé mọ́. Nígbà tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000, orúkọ Kánádà ló fi gbà á. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ó padà wálé, ó di ààrẹ àjọ ìjàkadì Nàìjíríà, abẹ́ rẹ̀ sì ni Oborududu ti rí fàdákà rẹ̀ gbà. Ó jọ mí lójú pé ẹni tí góòlù tirẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà níbẹ̀ nígbà tí tiwa dé.

Freestyle ni irú ìjàkadì tí Oborududu ń jà. Èèyàn lè di ẹsẹ̀ alátakò mú nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ èèwọ̀ nínú Greco-Roman, irú ìjàkadì mìíràn tí àwọn obìnrin kì í jà ní Òlíńpíìkì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ìjà kan, wọ́n á fi ìsinmi ìdajì ìṣẹ́jú pín in sí méjì. Ẹni tó bá gbé alátakò wálẹ̀ tó sì borí rẹ̀ níbẹ̀ gba ayò 2. Ẹni tí wọ́n bá tì kọjá òbìrí ti fún ẹnìkejì ní ayò 1. Bí ìyàtọ̀ bá di ayò 10, ó parí. Àmọ́ bí èjìká méjèèjì bá kanlẹ̀, ayò yòówù tí o ti kó jọ ti di asán.

Ọdún 2004 ni Òlíńpíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn obìnrin láyè láti jà. Oborududu lọ sí London lọ́dún 2012 àti Rio lọ́dún 2016 ní ìsọ̀rí kílò 63, ọwọ́ òfìfo ló fi padà. Ní Áfíríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá: ó ti gba góòlù ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Lẹ́yìn Rio, wọ́n tún ìsọ̀rí ìwọ̀n ṣe, wọ́n yọ kílò 63 kúrò. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí 62 tàbí kó gòkè sí 68. Ó gòkè, láàrin àwọn obìnrin tó wúwo jù ú lọ, lójú tèmi ìpinnu yẹn ló tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Lọ́dún 2018, ní Gold Coast nílẹ̀ Ọsirélíà, ó fi kílò 68 gba góòlù Commonwealth.

Ní Tókyò, ọkàn ọmọ Nàìjíríà ti bàjẹ́ kí Oborududu tó bọ́ sórí ẹní ìjàkadì. Wọ́n ti lé eléré ìdárayá mẹ́wàá wa kúrò nínú eré sísá àti irú rẹ̀ nítorí pé wọn kò ṣe àyẹ̀wò oògùn tó bó ṣe yẹ. Ní ti ìjàkadì, ojú gbogbo èèyàn wà lára Ọdúnayọ̀ Adekuoroye, ọmọ Ìpínlẹ̀ Òndó, tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ nínú ìdíje àgbáyé. Oborududu kọ́kọ́ na Elis Manolova ti Azerbaijan ní 13 sí 2. Ó fi 3 sí 2 yọ lọ́wọ́ Meerim Zhumanazarova ti Kyrgyzstan, ìjà tó le jù nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló na Battsetseg Soronzonbold ti Mongolia, ẹni tó ti gba ìdíje àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì, ní 7 sí 2. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, Tamyra Mensah-Stock ti Amẹ́ríkà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, nà án ní 4 sí 1 láti gba góòlù. Lọ́jọ́ kejì ni Ọdúnayọ̀ jà. Òun ló ń ṣíwájú nínú ayò kí Anastasia Nichita ti Moldova tó fi èjìká rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

Birmingham 2022 jẹ́ ayọ̀ fún àwọn méjèèjì. Oborududu tún gba góòlù Commonwealth, Ọdúnayọ̀ gba tirẹ̀, Mercy Genesis náà sì gba tirẹ̀ ní kílò 50.

Ní Paris lọ́dún 2024, Zhumanazarova gbẹ̀san lára Oborududu nínú ìjà tó ṣáájú àṣekágbá. Oborududu wá bá Nonoka Ozaki ti Jàpáàn du idẹ, ó sì pàdánù. Nàìjíríà kò mú àmì-ẹ̀yẹ kankan bọ̀ láti Òlíńpíìkì yẹn rárá. Bí ẹni ọdún 35 bá ṣì ni ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn oníjàkadì wa, ẹ̀bi yẹn kò sí lọ́rùn rẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣàkóso eré ìdárayá tètè lọ wá àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní Bayelsa, Òndó àti ibòmíràn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn.