Ojúlówó àti Ayédèrú: Láti Etí Aṣọ Wax dé Ọjà Orí Fóònù

1. Ìfáàrà

Bí obìnrin kan bá fẹ́ ra aṣọ wax ní ọjà Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Lómé, kì í ṣe iye owó ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Yóò fi ọwọ́ yẹ aṣọ náà wò, yóò yí i padà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, yóò ka ohun tí a kọ sí etí rẹ̀, yóò sì wo ojú ẹni tó ń tà á. Lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń ta púpọ̀ nínú aṣọ yìí, níbi tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ni olùrà ń rí. Ìbéèrè wa nìyí: kí ni ọ̀rọ̀ náà ojúlówó dúró lé lórí nígbà tí ọwọ́ kò kan ọjà mọ́? Láti dáhùn, a óò tẹ̀lé ìtàn aṣọ wax, nítorí ìtàn náà fi hàn pé ayélujára kọ́ ló bí ayédèrú, àmọ́ ayélujára ti yí ibi tí irọ́ náà wà padà.

2. Àfarawé ni ìpilẹ̀ṣẹ̀

Aṣọ tí à ń pè ní ojúlówó lónìí, àfarawé ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Java, ní ilẹ̀ tó di Indonéṣíà, a máa fi ìda gbígbóná ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Ibi tí ìda bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aládìrẹ ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ.

Ní 1846, Pieter Fentener van Vlissingen dá ilé-iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní Hóláńdì. Òun ni a mọ̀ sí Vlisco lónìí. Àwọn ará Hóláńdì fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ohun tí ará Java ń fi ọwọ́ ṣe, kí wọ́n lè tà á lówó pọ́ọ́kú. Oje igi ni wọ́n ń lò dípò ìda. Oje náà máa ń sán, aró á sì gba ojú ibi tó sán wọlé, tí ìlà wẹ́wẹ́ á fi hàn lára aṣọ. Àbùkù ni ìlà wọ̀nyí lójú ará Java. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ náà dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún 19, tọwọ́tẹsẹ̀ ni àwọn olùrà fi gbà á, ìlà náà sì di ara ẹwà rẹ̀.

Ojú méjèèjì aṣọ ni oje ń bò, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ máa ń mú bákan náà níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú ọnà bẹ́ẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè é ní fancy, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í mú bíi ti iwájú. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń yí aṣọ padà. Ìdánwò àkọ́kọ́, ti ọwọ́ àti ti ojú ni.

3. Ta ló tà á?

Ìdánwò kejì ni ẹni tó ń tà. Lẹ́yìn òmìnira Tógò ní 1960, àwọn oníṣòwò obìnrin tí a mọ̀ sí Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn, ló ń gba aṣọ wax lọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ní Lómé. Àwọn alájàpá láti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Gánà a máa wá rà lọ́wọ́ wọn. Oníṣòwò kan lè ní ẹ̀tọ́ sí ọnà kan, tó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa tà á. Ọjà ló sì ń sọ aṣọ lórúkọ. Aṣọ tí a ya ẹyẹ àti àgò sí di Tu sors, je sors, “bí o bá jáde, èmi náà á jáde”. Òmíràn ń jẹ́ L'œil de ma rivale, “ojú orogún mi”. Orúkọ wọ̀nyí kò wá láti Helmond. Aṣọ kì í rìn láìní orúkọ, kì í sì í rìn láìní ẹni tí a mọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ní àbùkù, olùrà mọ ìsọ̀ tí yóò padà sí. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì: fráǹkì Faransé kan tí à ń fi 50 CFA rà di 100. Aṣọ tó ń bọ̀ láti Yúróòpù wọ́n gógó, òwò ọ̀pọ̀ nínú àwọn Nana sì rẹlẹ̀. Ààyè tó ṣí sílẹ̀ ni aṣọ láti Ṣáínà gbà wọlé.

4. Irọ́ tí etí aṣọ ń pa

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí. Aṣọ kì í di ayédèrú nítorí pé Ṣáínà ló ti wá. Hitarget, fún àpẹẹrẹ, orúkọ ara rẹ̀ ló ń jẹ́ ní etí aṣọ. Ẹni tó rà á mọ ohun tó rà. Aṣọ di ayédèrú nígbà tí a bá kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe é sí i létí. Èrú wà nínú ọ̀rọ̀ náà ayédèrú, ìwà ènìyàn sì ni èrú, kì í ṣe ìwà òwú. Gbólóhùn ni ohun tí a kọ sí etí aṣọ: “Ẹni báyìí ló ṣe mí.” Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́.

Òfin pẹ̀lú ń ṣọ́ gbólóhùn yìí. Àdéhùn Libreville ti 1962 àti ti Bangui ní 1977 ló bí OAPI, àjọ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yaoundé. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú. Àmì ọjà tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ààbò ní gbogbo wọn. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ààbò Yaoundé dúró ní ẹnubodè. Aṣọ, oníṣòwò àti èdè Yorùbá kò dúró níbẹ̀.

5. Orí fóònù

Nígbà àtijọ́, ayédèrú gbọ́dọ̀ jọ ojúlówó kí ó tó tà. Lórí ayélujára, kò pọn dandan mọ́. Àwòrán ojúlówó gan-an ni ẹlẹ́tàn ń pàtẹ, aṣọ mìíràn ni yóò fi ránṣẹ́. Kò sí irọ́ nínú àwòrán náà. Irọ́ wà láàárín àwòrán àti àpò tí oní-zémìjáǹ gbé wá. Ọwọ́ kò kan aṣọ, etí rẹ̀ kò hàn, ẹni tó gbé e wá kọ́ ló tà á, owó sì ti lọ ṣáájú láti orí fóònù. Ìyá tó fi owó tó tù jọ ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lè má mọ̀ títí omi àkọ́kọ́ yóò fi fọ àwọ̀ rẹ̀ lọ.

Èdè náà tún ń ran ẹlẹ́tàn lọ́wọ́. Hollandais lẹ́nu wa, tàbí Hollandis lẹ́nu àwọn ará Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ bí orúkọ ibi tí aṣọ ti wá, ó sì ti di orúkọ irú aṣọ. Olùtajà tó kọ ọ́ lè jiyàn pé irú aṣọ ni òun ń sọ. Olùrà gbà pé Helmond ni wọ́n ti hun ún. Nínú ọjà, ìbéèrè kan ṣoṣo, “Etí rẹ̀ dà?”, ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Bẹ̀nẹ̀ ní Code du numérique, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, tó ní ìpín lórí òwò orí ẹ̀rọ. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí òfin tó mú ẹni tí a kò mọ orúkọ àti ìsọ̀ rẹ̀.

6. Ìkádìí

Ìdánwò àtijọ́ kò tíì kú. A ní láti gbé e wọ fóònù ni. Kí olùrà béèrè fídíò tí a ti ń yí aṣọ padà, tí etí rẹ̀ sì hàn kedere. Kí ó tú àpò wò kí ó tó sanwó. Kí ó ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan mọ ìsọ̀ rẹ̀. Fún àwa onímọ̀ èdè, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀: kí a kó ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtajà Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ń kọ sábẹ́ àwòrán ọjà jọ, kí a sì bi àwọn olùrà ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Ibi tí ìtumọ̀ méjèèjì ti yà kúrò lára wọn, ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù.