Olùṣọ́ Tí Ó Di Olè: Ọ̀ràn Iṣẹ́ Oníṣẹ́ Láàrin Ọdún 1978 sí 1980

Kí apohùn ìjálá tó wọ inú eré rẹ̀, a máa kọ́kọ́ júbà fún ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Ohun tí ìbà jẹ́ fún apohùn ni ìtọ́kasí jẹ́ fún àwọn tí ń kọ àbọ̀ ìwádìí sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀. Ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀, èrò tàbí èsì iṣẹ́ ẹlòmíràn lò gbọ́dọ̀ dárúkọ onítọ̀hún. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, ó jalè. Èyí yé tọmọdé tàgbà nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí kò yé àwọn olóòtú fún ìgbà pípẹ́ ni ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe nígbà tí olè bá wà láàrin àwọn tí wọ́n fi ṣọ́ ilé gan-an.

Ìlànà tí àwọn ìwé wọ̀nyí ń tẹ̀ lé kò ṣòro láti yé ni. Bí àròkọ bá dé ọwọ́ olóòtú, yóò fi í ránṣẹ́ sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jinlẹ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ bóyá ó yẹ ní títẹ̀. Ẹni tí ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ kan ni ó sì sábà máa ń bá ẹni tí ó kọ àròkọ náà du ipò iwájú. Òun ni yóò rí iṣẹ́ náà kí ayé tó rí i, wọn kì í sì í sábà fi orúkọ rẹ̀ han ẹni tí ó kọ ọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978, dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Helena Wachslicht-Rodbard, fi àròkọ ránṣẹ́ sí New England Journal of Medicine, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìṣègùn tí wọ́n lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Yàrá ìwádìí Jesse Roth ní National Institutes of Health, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bí ínsúlìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ nínú ara àwọn tí àìsàn anorexia nervosa ń bá jà, èyí tí í mú kí ènìyàn kọ oúnjẹ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Olóòtú, Arnold Relman, fi àròkọ náà ránṣẹ́ sí àwọn olùyẹ̀wò. Ọ̀kan nínú wọn ni Philip Felig, ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ní Yunifásítì Yale. Felig gbé e fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Vijay Soman, pé kí ó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n dá a lábàá pé kí olóòtú má tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọn kò sọ fún olóòtú ni pé àwọn náà ní irú ìwádìí kan náà lọ́wọ́. Ohun tí Soman kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun ti ṣe ẹ̀dà àròkọ náà pa mọ́.

Kò pẹ́ tí àròkọ kan tí Soman àti Felig fọwọ́ sí fi dé ọ̀dọ̀ American Journal of Medicine. Olóòtú ibẹ̀ wá ẹni tí ó mọ̀ nípa ínsúlìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi í ránṣẹ́ sí Jesse Roth. Roth, bí Felig ti ṣe, gbé e fún ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀, ọmọ iṣẹ́ náà sì ni Rodbard. Báyìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ṣe jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979 láti yẹ iṣẹ́ àjèjì wò, tí ó sì ń ka gbólóhùn ara rẹ̀. Nǹkan bí 60 ọ̀rọ̀ ni ó bá a mu láìyẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn kan ti máa ń sọ pé ọgọ́ta ọ̀rọ̀ kò tó nǹkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bá aṣọ ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn kì í ka iye òwú tí ó wà lára rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé tòun ni.

Rodbard kọ̀wé sí Relman ní oṣù Kejì ọdún 1979, ó sì fẹ̀sùn méjì kàn wọ́n: pé wọ́n jí ọ̀rọ̀ òun, àti pé ẹni tí ń bá òun díje ni ó dájọ́ iṣẹ́ òun. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú ọ̀ràn náà ni ó yẹ kí onítàn fara balẹ̀ wò. Kò sí ìgbìmọ̀, kò sí ìlànà tí a kọ sílẹ̀ tí olóòtú lè ṣí. Relman tẹ Felig láago. Felig dáhùn pé wọ́n ti parí ìwádìí tiwọn kí wọ́n tó fojú kan àròkọ Rodbard. Felig àti Roth ti jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kékeré. Àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé kí iṣẹ́ Rodbard jáde ṣáájú, kí ti Soman tẹ̀ lé e. Lójú àwọn àgbà, ó ti tán. Àròkọ Rodbard jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1979.

Kò tán lójú Rodbard. Ó ti ṣàkíyèsí pé èsì tí Soman kọ sílẹ̀ dán ju bí èsì iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ti í dán lọ, ó sì ń béèrè bóyá wọ́n ṣe ìwádìí náà rárá. Ó kọ̀wé sí Robert Berliner, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yale. Soman jẹ́wọ́ fún Felig pé òun lo àròkọ Rodbard láti fi kọ ti òun, ṣùgbọ́n Berliner gbà pé wọ́n ṣe ìwádìí náà ní tòótọ́. Wọ́n gbà pé kí ẹni kan láti ìta wá wo àkọsílẹ̀ Soman. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yàn kò lọ. Oṣù ń gorí oṣù. Ní àárín ọdún 1979, Rodbard fi yàrá ìwádìí sílẹ̀, ó lọ ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980, American Journal of Medicine tẹ àròkọ Soman àti Felig jáde, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni Jeffrey Flier, dókítà kan láti Boston, dé Yale láti wo ìwé. Wákàtí díẹ̀ ni ó lò. Aláìsàn mẹ́fà ni Soman sọ pé òun yẹ̀ wò, àkọsílẹ̀ gbogbo wọn kò sí níbẹ̀; èyí tí ó sì wà kò bá ohun tí ó wà nínú àròkọ mu. Soman jẹ́wọ́ pé òun tún àwọn èsì kan ṣe kí wọ́n lè dára lójú. Ohun tí olóòtú méjì, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan kò rí láàrin ọdún kan, ọ̀sán kan ni ó fi hàn. Wọ́n gba àròkọ náà padà, wọ́n sì gba púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn tí Soman ti tẹ̀ padà pẹ̀lú. Soman kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó padà sí Índíà. Felig ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ẹ̀ka ìṣègùn ní Yunifásítì Columbia ni. Kò pé oṣù púpọ̀ tí ipò náà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1980.

Ọ̀ràn yìí ti fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹnu ọ̀nà sí ńlá. Bí kò bá sí ọgọ́ta ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ẹni tí ìbá ṣí ìwé èsì Soman wò. Òtítọ́ ibẹ̀ sì ni pé kì í ṣe ìwé àtìgbàdégbà kankan ni ó tú àṣírí náà. Obìnrin kan tí kò gbà kí wọ́n fi ọ̀rẹ́ pẹ̀tù sí ọ̀ràn olè ni.

Àwọn ìlànà dé lẹ́yìn náà, wọn kò yára. Ní ọdún 1984, ibi ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sára àròkọ tí wọ́n bá ti gbà padà, kí ẹni tí ń wá a lè mọ̀. Ní ọdún 1997, àwọn olóòtú ìwé ìṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ COPE sílẹ̀ láti máa gba ara wọn nímọ̀ràn lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wá la ọ̀nà sílẹ̀ fún olóòtú: ọ̀tọ̀ ni bí yóò ti ṣe bí olè bá hàn nínú àròkọ tí wọn kò tíì tẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bí èyí tí wọ́n ti tẹ̀ bá ni. Nínú ti àkọ́kọ́, kí ó kọ̀wé béèrè àlàyé lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Bí àlàyé kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó kọ iṣẹ́ náà, kí ó sì fi tó ilé-iṣẹ́ onítọ̀hún létí. Nínú ti èkejì, kí ó sọ fún àwọn tí ń kà á pẹ̀lú, ní gbangba. Ìpè tẹlifóònù láàrin ọ̀rẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2008 ni ẹ̀rọ CrossCheck dé, èyí tí ń fi àròkọ tuntun wé ọ̀kẹ́ àìmọye tí wọ́n ti tẹ̀ ṣáájú, tí í sì í fi ibi tí wọ́n ti bára mu han olóòtú. Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti wà ní gbangba ni ó sábà máa ń fi wé. Nígbà tí Soman ń da ọ̀rọ̀ Rodbard kọ, wọn kò tíì tẹ ọ̀rọ̀ náà níbi kankan. Inú àpò ìwé olùyẹ̀wò nìkan ni ó wà.