Ìtàn Òdòdó Annabelle: Ohun Tí Obìnrin Kan Rí Lójú Ọ̀nà ní 1910

  

Màmá kan tó ń ta ẹ̀fọ́, tí a jọ máa ń ṣiṣẹ́, ló mú fóònù rẹ̀ wá bá wa lọ́jọ́sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Òdòdó funfun ràbàtà ló wà níbẹ̀, orí kọ̀ọ̀kan tóbi bí orí ọmọ tuntun, ó kún gbogbo iwájú ilé. Màmá ní, "Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì àgbẹ̀, kí lèyí? Ṣé ó máa hù níbí? Ṣé ó ń pawó?"

Ìbéèrè mẹ́ta nìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. A máa dáhùn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lẹ́yìn òdòdó yẹn ló mú wa lọ́kàn jù, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rí nǹkan, tí orúkọ rẹ̀ ò sì sí lára nǹkan náà, ni. Ọ̀rọ̀ tó kan àwa àgbẹ̀ gbáà ni.

Annabelle ni wọ́n ń pe òdòdó náà. Ọ̀kan nínú àwọn hydrangea ni. Oríṣi hydrangea pọ̀, àwọn kan wá láti ilẹ̀ Japan àti China. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń sọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hydrangea arborescens, ọmọ onílẹ̀ ni ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Etí odò, ẹsẹ̀ òkè àti abẹ́ igi ńlá ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Èèpo ara igi rẹ̀ máa ń bó ní ìpele-ìpele, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi máa ń pè é ní igi eléèpo méje. Àwọn Cherokee, tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ti ń fi gbòǹgbò àti èèpo rẹ̀ ṣe oògùn tipẹ́.

Ẹ wá wo bó ṣe kúrò nínú igbó. Àgbẹ̀ kan wà lẹ́bàá Philadelphia tó ń jẹ́ John Bartram. Bàbá yìí máa ń rin igbó kiri, á ṣa irúgbìn àti gbòǹgbò, á kó wọn sínú àpótí, á fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí Peter Collinson, oníṣòwò aṣọ kan ní London. Àgbẹ̀ kan, oníṣòwò kan, bí àwa níbí. Lára ohun tó gba ọ̀nà yẹn dé ọgbà àwọn ará London ní 1736 ni hydrangea wa yìí.

Ká má parọ́, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ka òdòdó inú igbó náà sí. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àárín rẹ̀ kún fún òdòdó wẹ́wẹ́ tó ń so èso, etí rẹ̀ nìkan ló ní òdòdó díẹ̀ tó fẹjú. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn máa torí ẹ̀ dúró lójú ọ̀nà.

Ibi tí ìtàn ti yí padà nìyí.

Ní 1910, obìnrin kan tó ń jẹ́ Harriet Kirkpatrick ń gun ẹṣin lọ lójú ọ̀nà inú igbó nítòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Anna, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Illinois. Ó rí ìdí hydrangea kan tí kò jọ àwọn yòókù. Orí òdòdó rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rí rogodo, ó funfun báláú. Ẹlòmíì á wò ó, á ní "ó mà dára o," á sì kọjá lọ. Harriet ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ojú sàmì sí ibẹ̀, òun àti Amy Kirkpatrick, tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí, padà lọ, wọ́n hú u, wọ́n sì gbìn ín sínú ọgbà wọn ní Anna.

Ẹ jẹ́ ká tẹ ẹsẹ̀ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Kí ló dé tí ìpadàlọ yẹn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Òdòdó tó fẹjú lára hydrangea kì í so èso. Ìdí kan tí gbogbo orí rẹ̀ bá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì òdòdó tó fẹjú, a jẹ́ pé irúgbìn rẹ̀ máa kéré gan-an. Irúgbìn díẹ̀ tó bá sì so, kò dájú pé ọmọ á jọ ìyá. Tí igi bá wó lu ìdí kan yẹn, tàbí tí ẹran bá jẹ ẹ́ tán, ó parí nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú láti tọ́jú rẹ̀ ni kí èèyàn gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn, tàbí kó pín ìdí rẹ̀, bí a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́, bí a ṣe ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sì ṣe ní Anna nìyẹn. Aládùúgbò wá tọrọ, wọ́n gé fún un. Aládùúgbò náà gé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó kó lọ sí ìlú mìíràn gbé tiẹ̀ dání. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn Kirkpatrick kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ irúgbìn ńlá kan pé àwọn ní nǹkan tó dára lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ náà ò gbà á. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì ń bá a lọ, wọ́n ń gé fún ẹni tó bá tọrọ.

Ọdún bí àádọ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Ní 1960, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Illinois, J. C. McDaniel, rí òdòdó náà nínú ọgbà àwọn èèyàn ní ìlú Urbana, tó jìnnà sí Anna ní bí 300 kìlómítà. Ó béèrè pé níbo lẹ ti rí i? Ó ń tọpa rẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì títí ó fi dé Anna. Òun ló fún un lórúkọ Annabelle, tó túmọ̀ sí arẹwà ìlú Anna. Ní 1962 ó gbé e jáde fún àwọn tó ń tọ́ òdòdó tà. Láti ìgbà náà ló ti tàn ká Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù.

Ẹ ṣàkíyèsí o: orúkọ ìlú ló wà lára òdòdó, kì í ṣe orúkọ Harriet. Kò sí ìwé ẹ̀tọ́ lórí Annabelle, ẹnikẹ́ni ló lè gé e gbìn kó sì tà á.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina, Tom Ranney, mú Annabelle, ó fi ṣe ìyá-bàbá pẹ̀lú irú tó láwọ̀ osùn díẹ̀ lára. Ní nǹkan bí 2010, èyí tó láwọ̀ rẹ́súrẹ́sú jáde, wọ́n pè é ní Invincibelle Spirit. Èyí ní ìwé ẹ̀tọ́. Nínú owó ìdí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tà, dọ́là kan lọ sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmú. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìdí kan tí Harriet hú nínú igbó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá Màmá lóhùn.

Ṣé ó máa hù níbí? A ò gbà yín níyànjú kí ẹ náwó lé e. Òdòdó yìí nílò ìgbà òtútù gidi kí ewé rẹ̀ wọ́, kó sùn, kó tó tún jí. Ilẹ̀ tiwa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní ọgbà lókè òkun, ẹ bá wa fi èyí ránṣẹ́ sí wọn:

Kí wọ́n gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ ń kàn, tí ibòji ń wà lọ́sàn-án.

Ilẹ̀ tó lọ́ràá, tó ń di omi mú ṣùgbọ́n tí omi kì í dúró sí, ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n fi ewé gbígbẹ tàbí èérún igi bo ìdí rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí omi wọ́n ọn nígbà ooru.

Orí ẹ̀ka tuntun ọdún náà ló ń yọ òdòdó sí. Ìparí ìgbà òtútù, kí ó tó máa rúwé, ni kí wọ́n gé e. Kí wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka kù ní bí 30 sí 45 sẹ̀ǹtímítà. Tí wọ́n bá gé e balẹ̀ pátápátá, yóò hù, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tuntun máa ń rọ̀. Bí òjò bá sì rọ̀ sórí òdòdó ńlá yẹn, á dojú bolẹ̀. Kí wọ́n fi igi gbé e dúró.

Kí wọ́n má dààmú pé àwọn fẹ́ fi oògùn ilẹ̀ sọ ọ́ di búlúù. Ẹ̀yà mìíràn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ kì í yí.

Kí ọmọdé, ajá tàbí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́ o, oró wà nínú rẹ̀.

Ṣé ó ń pawó? Ó ń pawó níbẹ̀, ní tútù àti ní gbígbẹ, torí orí rẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ.

Èyí tó kù jẹ́ ẹ̀bi tiwa. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá àgbẹ̀ kan fi ìdí ẹ̀gẹ́ mẹ́ta hàn wá. Àrùn ti ká ewé gbogbo oko rẹ̀, mẹ́ta yìí nìkan ni ewé wọn tẹ́jú dáadáa. A ya fọ́tò. A ní, "Bàbá, a ń bọ̀ wá gé igi níbẹ̀." Iṣẹ́ gbà wá lọ́wọ́. Nígbà tí a padà débẹ̀, Bàbá ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ ti ta ilẹ̀, bíríkì ló wà lórí rẹ̀. A ò mọ̀ títí dòní bóyá ìdí mẹ́ta yẹn lágbára lóòótọ́ tàbí àrùn ṣèèṣì fò wọ́n ni. Harriet padà sínú igbó. Àwa ò tètè padà.

Torí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, tí ẹ bá rí ìdí kan nínú oko tó yàtọ̀, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ gé e gbìn sí ọ̀tọ̀, ẹ fún ẹni méjì ó kéré tán, kó má bàa kú sí ojú kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀, tí kò bá sì tètè wá, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́nu. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó bá mú irú ọ̀gbìn tuntun jáde. Ṣùgbọ́n òfin ò lè ran ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́.

Ta ló ní ìdí kan lóko báyìí tó ń yà á lẹ́nu? Ẹ sọ fún wa. Lọ́tẹ̀ yìí, a máa wá.

Ọ̀gbìn wa ò ní kú o.