Àwìn, Ọmọ Ìyá àti Ìsọ̀: Iṣẹ́ Tí Àwọn Oníṣòwò Yorùbá Ṣe Nínú Ọjà Gánà

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àlééfà, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á, tàbí kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ju 100,000 ènìyàn lọ tó kẹ́rù, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn jọjọ. Ìyà tó jẹ wọ́n lójú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń gbọ́ nílé dá lé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tú wò ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ọjà kí àṣẹ náà tó dé, ìdí tí onílé kò fi tètè rí i, àti ìdí tó fi ń bí i nínú.

Ìrìn Yorùbá sí apá ibẹ̀ ti pẹ́. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò ti ń lọ sí ọjà Sàlágà ní àríwá Gánà. Aṣọ ni wọ́n ń gbé lọ, obì gbànjà ni wọ́n ń gbé bọ̀. Owó kòkó ló wá mú kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi wọ Kumasi ní 1903, owó ti ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ inú igbó Àṣáńtì, ṣùgbọ́n ọjà òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá àwọn ilé ìtajà ńlá etíkun àti ìlú tí ojú irin dé. Àlàfo yìí ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì bá wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? J. S. Eades, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá àríwá Gánà jáde ní 1993, fi hàn pé ilé ni òwò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ránṣẹ́ pe àbúrò láti ilé. Àbúrò á máa kiri fún un, láìgba owó oṣù. Oúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn ni tirẹ̀. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá, ẹ̀gbọ́n á dá òwò sílẹ̀ fún un, òun náà á sì ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn. Àwọn ìyàwó kì í bá ọkọ dá owó pọ̀. Kálukú wọn ló ní igbá tirẹ̀. Wọ̀sìwọ́sì ni wọ́n ń tà jù: abẹ́rẹ́, òwú, jígí, ìlẹ̀kẹ̀, àwo, fìtílà, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ra odidi pàálì á tú u fún ẹni tó ń ta pàálì kéékèèké, ìyẹn náà á tú u fún ẹni tó ń gbé e wọ abúlé, títí tí aláìní yóò fi rí ẹyọ kan rà.

Wàhálà tó wà nínú títú ọjà báyìí kò kéré, èrè orí rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi yẹra fún un. Àwìn ló sì gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n gba àwìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó, àbúrò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, oníbàárà inú abúlé sì gbà á títí di ìgbà ìkórè. Kò sí báńkì tó máa yá ọmọkùnrin tí kò ní ilé tí kò ní ilẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ pé òun kò lè fojú kan ilé mọ́. Ní tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù tí wọ́n mú wọ Gánà nìyí: ìfọkàntán tí a ti so mọ́ ìdílé, tó wá di owó òwò fún àwọn tí kì í ṣe ará ìdílé náà rárá.

Ohun tí wọ́n ṣe kò mọ sínú ọjà. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń tà ṣì ń jẹ́ alata samina níbẹ̀ títí dòní. Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó tan ìjọ Onítẹ̀bọmi ká Kumasi, Tamale àti Accra, èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ìjọ náà sì fi ń sìn. Lẹ́yìn 1969, púpọ̀ nínú àwọn ìjọ yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọmọ ìjọ mọ́.

Ẹ̀dùn ọkàn onílé kì í ṣe ìlara lásán, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ọ̀wọ́ ìsọ̀ tó jẹ́ pé ará ìlú kan náà ló kún ibẹ̀, tí wọ́n ń sọ èdè tí ẹlòmíràn kò gbọ́, báwo ni ọmọ Dagomba, onílé ní àríwá Gánà, ṣe máa rọ́nà wọ̀ ọ́? Ìdílé tó ń ṣe onídùúró fún àwìn náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá. Èrè sì ń di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú onílé ń rí i. Síbẹ̀, iye owó kòkó tó já wálẹ̀ lágbàáyé ní 1965 àti gbèsè ìjọba kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́.

Ní 1970, òfin tuntun fi òwò kéékèèké inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Ọmọ onílé gba ìsọ̀. Ìsọ̀ kò ṣòro gbà. Àwìn tó wà láàárín ilé iṣẹ́ òyìnbó àti abúlé kò sí nínú ohun tí òfin lè pín. Àṣẹ ti 1969 kò sì mọ sínú ọjà: nínú oko kòkó, níbi tí àwọn alágbàṣe láti Upper Volta àti ibòmíràn ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀wọ́n òṣìṣẹ́ hàn kíákíá débi pé ìjọba ní láti dẹ okùn fún àwọn tí oko nílò.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn ará Gánà ló wá di àlejò ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Èkó sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní 1979, ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ ju olùkọ́ lọ, àwọn ará Gánà sì wà lára àwọn tó dí àlàfo náà, pàápàá nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ará Gánà sì lọ. Owó epo ti wálẹ̀, bí owó kòkó ṣe wálẹ̀ ṣáájú.

Lónìí, àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 jẹ́ kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Gánà láìgba físà, fún 90 ọjọ́. Òwò ló yàtọ̀. Òfin ìdókòwò Gánà ti 2013 ní kí àjèjì tó fẹ́ máa tajà níbẹ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ogún ọmọ Gánà síṣẹ́. Ó sì ka títajà nínú ọjà léèwọ̀ fún un pátápátá. Òfin yìí ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò tọ́ka sí nígbà tí wọ́n ń ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra àti Kumasi ní 2019. Irú oníṣòwò tí òfin náà gbà láàyè ti wà ní Gold Coast, bí Gánà ṣe ń jẹ́ nígbà ìjọba òyìnbó, tipẹ́, ní ilé ìtajà ńlá etíkun, kí àbúrò ẹnikẹ́ni tó gbé igbá wọ̀sìwọ́sì kọrí sí abúlé.