Pípààrọ̀ béárìn ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Pípààrọ̀ béárìn ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ àtúnṣe tí a fi ń yọ béárìn tó ti bàjẹ́ kúrò nínú ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀, tí a sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Béárìn ni ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí láìsí pé irin ń ha irin. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, bíi Toyota Corolla, a lè ṣe apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ní àgbàlá ilé. Ṣùgbọ́n títẹ béárìn wọ àyè rẹ̀ nílò ẹ̀rọ, nítorí pé òòlù lè ba béárìn tuntun jẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.

Ìgbékalẹ̀

Béárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tí a tò sáàárín wọn. Gíríìsì ń mú kí àwọn bọ́ọ̀lù náà máa yọ̀. Rọ́bà tí a fi dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í jẹ́ kí omi àti iyanrìn wọlé. Òrùka ìta há sínú ilé béárìn, ìyẹn irin ńlá tí ṣọ́ọ̀kù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì so mọ́. Họ́ọ̀bù, tí a ń de táyà mọ́, há sínú òrùka inú. Ṣáàfùtì tó ti inú gíà wá gba àárín họ́ọ̀bù kọjá, nọ́ọ̀tì ńlá kan sì dì í mú níta.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí a ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ ilé béárìn. Èkejì ni èyí tí òun àti họ́ọ̀bù jẹ́ odidi kan, tí a kàn ń fi bóòtì dè. Èyí kò nílò ẹ̀rọ ìtẹ̀ rárá.

Ìtàn

Ní ọdún 1794, Philip Vaughan, ará Carmarthen ní Wales, gba ìwé-àṣẹ lórí béárìn oníbọ́ọ̀lù fún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ní 1883, Friedrich Fischer ní ìlú Schweinfurt, Jámánì, ṣe ẹ̀rọ tó ń lọ bọ́ọ̀lù irin kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ní 1898, Henry Timken gba ìwé-àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí béárìn onírólà tó ṣe ṣóńṣó sí apá kan. Irú ti Timken ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ń lò. A lè tú u, kí a fi gíríìsì sí i, kí a sì tún un dè. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ni a ti dí pa. Bí ó bá bàjẹ́, pípààrọ̀ nìkan ló kù.

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìkòròdú wà ní etí òkun ọ̀sà Èkó, Ẹ̀pẹ́ sì wà ní apá àríwá ọ̀sà Lẹ́kí. Òpópónà Ìkòròdú sí Ìtóìkín sí Ẹ̀pẹ́ ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Ohun méjì ló máa ń pa béárìn ní irú agbègbè báyìí. Àkọ́kọ́ ni kòtò ojú ọ̀nà: bí táyà bá já sínú kòtò, àwọn bọ́ọ̀lù irin lè tẹ ojú òrùka wọn wọnú. Èkejì ni omi: bí ọkọ̀ bá la àgbàrá òjò kọjá, omi àti iyanrìn lè gba ojú rọ́bà tó ti gbó wọlé, kí wọ́n sì ba gíríìsì jẹ́.

Àmì ìbàjẹ́

Àmì tó wọ́pọ̀ jù ni ariwo tó ń kùn bí oyin, tó sì ń le sí i bí eré ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá ń ya sí òsì, ẹrù rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Nítorí náà, bí ariwo bá pọ̀ nígbà tí a bá ya sí òsì, béárìn ọ̀tún ni a ó kọ́kọ́ fura sí.

Táyà tó jẹ lọ́nà tí kò dọ́gba náà máa ń kùn bẹ́ẹ̀. A lè gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ariwo bá bá a lọ, táyà ló ni ẹ̀bi. Bí a bá fi jáàkì gbé ọkọ̀, tí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ tí a sì mì ín, kò yẹ kí ó yẹ̀. Bí ó bá ń yẹ̀, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì: bí yíyẹ̀ náà bá dáwọ́ dúró, béárìn ni, bí kò bá dáwọ́ dúró, kí a yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wò.

Ààbò

A kò gbọdọ̀ fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ dúró. Ẹsẹ̀ ìdúró irin ni ó yẹ kí ó gbé e, kí a sì fi nǹkan há táyà ẹ̀yìn. Nínú àgbàlá oníyanrìn, pákó tó nípọn ni a ń tẹ́ sábẹ́ jáàkì àti ẹsẹ̀ ìdúró kí wọ́n má baà rì. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò ṣe é lò, nítorí pé ó lè fọ́ lójijì.

Ìlànà iṣẹ́

1. Kí táyà tó kúrò nílẹ̀, a ó tú ojú ibi tí a ti tẹ nọ́ọ̀tì ṣáàfùtì, ẹnì kan yóò tẹ bíréèkì, a ó sì dẹ nọ́ọ̀tì náà.
2. A ó gbé ọkọ̀, a ó sì yọ táyà, kálípà àti dísìkì. Wáyà ni a ń fi so kálípà kọ́, kí ó má baà fi ọ̀pá omi bíréèkì rọ̀.
3. Bí sẹ́ńsọ̀ ABS bá wà, a ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́.
4. A ó fi àmì sí ibi tí bóòtì ṣọ́ọ̀kù wà, a ó tú u, a ó tú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti ọ̀pá ìtọ́kọ̀, a ó sì fa ilé béárìn kúrò lára ṣáàfùtì.
5. A ó gbé ilé béárìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti yọ họ́ọ̀bù, òrùka ìdènà àti béárìn àtijọ́, tí wọn yóò sì tẹ tuntun wọlé.
6. A ó dá gbogbo rẹ̀ padà, a ó sì lo nọ́ọ̀tì ṣáàfùtì tuntun.

Ibi tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Nígbà tí a bá ń tẹ béárìn wọ ilé rẹ̀, òrùka ìta nìkan ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tẹ̀. Nígbà tí a bá ń tẹ họ́ọ̀bù wọ inú béárìn, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan gbé òrùka inú dúró láti òdìkejì. Bí a bá ṣe òdì èyí, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké ni yóò gbé gbogbo agbára náà. Wọn yóò fi kòtò sí ojú òrùka, ariwo yóò sì padà láìpẹ́. Bákan náà ni òòlù ṣe ń ṣe é. Bí ẹ̀gbẹ́ kan béárìn bá ní òrùka òòfà tí sẹ́ńsọ̀ ABS ń kà, ẹ̀gbẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọjú sí sẹ́ńsọ̀.

Dídè ìkẹyìn

Fún Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008, 216 Nm ni ìwọ̀n agbára fún nọ́ọ̀tì ṣáàfùtì, 103 Nm sì ni ti nọ́ọ̀tì táyà. 216 Nm fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ẹrù kílógíráàmù 22 yóò fà bí a bá fi kọ́ ìparí ọ̀pá tó gùn ní mítà kan. Ìwọ̀n ọkọ̀ mìíràn wà nínú ìwé àtúnṣe rẹ̀. A gbọ́dọ̀ de nọ́ọ̀tì ṣáàfùtì dáadáa kí ẹrù ọkọ̀ tó lé béárìn tuntun. Nọ́ọ̀tì yìí ló ń mú kí òrùka béárìn dúró pọ̀, bí ó bá sì dẹ̀, béárìn lè tú, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì lè yọ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, a ó gbé ọkọ̀ lọ fún aláímẹ́ǹtì.

Rírà béárìn

Ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣín àti ọjà Owódé Onírin ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú wà lára ibi tí àwọn ará Èkó ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Béárìn tòkunbọ̀ tí a tẹ̀ jáde láti inú ilé rẹ̀ kò ṣe é rà: nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́, àwọn bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti lè gba ìpalára tí ojú kò rí. Bí ó bá di dandan láti ra tòkunbọ̀, ilé béárìn odidi, tí họ́ọ̀bù àti béárìn ṣì wà nínú rẹ̀, ló sàn jù. Kí a fi ọwọ́ yí i kí a tó sanwó. Bí ó bá ń ha tàbí ń gbọ̀n, kí a fi í sílẹ̀.