Ìyọkúrò owó-orí láti inú owó-iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ìyọkúrò owó-orí láti inú owó-iṣẹ́ ni ètò tí agbanisíṣẹ́ fi ń yọ owó-orí òṣìṣẹ́ kí ó tó fi owó tí ó kù lé e lọ́wọ́, tí ó sì ń kó ohun tí ó yọ lọ fún ìjọba. PAYE ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Nàìjíríà. Ọdọọdún ni òfin ń ṣírò owó-orí yìí. Nítorí náà, èyí tí wọ́n bá yọ nínú owó-iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ìdá kan nínú 52 owó-orí ọdún náà. Ní agbègbè bí Ajangbadi, Ìbà àti Okokomaiko ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, Àjọ Agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Èkó (LIRS) ni owó náà ń lọ bá.

## Ìtàn àti òfin

Ìjọba Amẹ́ríkà gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ní ọdún 1943, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944. Ní Nàìjíríà, òfin owó-orí ẹnìkọ̀ọ̀kan ti ọdún 1993, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2011, ni ó ń darí PAYE fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026.

Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni ó ń gba owó rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ní Ajangbadi, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Èkó ni owó-orí rẹ̀ ń lọ. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ ní ti pé IRS, àjọ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, ni ó ń gba owó-orí ìjọba àpapọ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ bá sì kọ sínú fọ́ọ̀mù W-4 ni agbanisíṣẹ́ fi ń mọ iye tí yóò yọ.

## Ìpele owó-orí

Lábẹ́ òfin tuntun, báyìí ni wọ́n ṣe pín owó tí owó-orí kàn nínú ọdún kan:

- ₦800,000 àkọ́kọ́: 0%
- ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e: 15%
- ₦9,000,000 tí ó tẹ̀lé e: 18%
- ₦13,000,000 tí ó tẹ̀lé e: 21%
- ₦25,000,000 tí ó tẹ̀lé e: 23%
- Ohun tí ó bá ju ₦50,000,000 lọ: 25%

Òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò ju owó-oṣù tí ó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè kì í san owó-orí yìí rárá. ₦70,000 lóṣù ni owó náà láti oṣù keje ọdún 2024, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦16,154 lọ́sẹ̀.

## Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ó wà níbẹ̀:

1. Fi 52 sọ owó-iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ di púpọ̀, kí o lè mọ owó ọdún.
2. Yọ àwọn owó tí òfin gbà láyè kúrò. Lára wọn ni owó ìfẹ̀yìntì, owó àkójọ ilé-gbígbé ti orílẹ̀-èdè, owó ìlera àti owó ìbánigbófò ẹ̀mí. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí òṣìṣẹ́ san lọ́dún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ.
3. Pín owó tí ó kù sí ìpele tí ó wà lókè yìí.
4. Ṣírò owó-orí ìpele kọ̀ọ̀kan, kí o sì ro wọ́n pọ̀.
5. Fi 52 pín àpapọ̀ náà.

Owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

## Àpẹẹrẹ

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ní Ajangbadi ń gba ₦40,000 lọ́sẹ̀, ó ń dá owó ìfẹ̀yìntì lórí gbogbo rẹ̀, ó sì ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé.

- Owó ọdún: ₦2,080,000
- Owó ìfẹ̀yìntì: ₦166,400
- Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé: ₦60,000
- Owó tí owó-orí kàn: ₦1,853,600
- Èyí tí ó ju ₦800,000 lọ: ₦1,053,600
- Owó-orí ọdún (15%): ₦158,040
- Owó-orí ọ̀sẹ̀: ₦3,039.23

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó-orí àti ₦3,200 owó ìfẹ̀yìntì, ₦33,760.77 ni yóò dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà. Bí kò bá sọ iye owó ilé tí ó san fún agbanisíṣẹ́, owó-orí rẹ̀ yóò di ₦3,212.31 lọ́sẹ̀, ₦9,000 ni ìyẹn yóò sì fi lé lọ́dún. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ₦172,867.20 ni irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbá san lọ́dún.

## Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Àṣìṣe kan ni kí agbanisíṣẹ́ yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó ọ̀sẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦6,000 ni ìyẹn yóò jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ó tọ́. Ohun tí ó fà á ni pé wọn kò pín ₦800,000 tí kò ní owó-orí sí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìpín ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀ jẹ́ ₦15,384.62.

Èkejì ni kí a ka oṣù kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Ọ̀sẹ̀ 48 ni yóò wà nínú ọdún nígbà náà, ₦160,000 yóò sì sọnù nínú ìṣirò owó ọdún òṣìṣẹ́ wa.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ owó àfikún iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ náà bá gba ₦30,000 lé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kò tọ́ kí a fi 52 sọ ₦70,000 di púpọ̀, nítorí kì í ṣe iye tí ó ń gbà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nìyẹn. ₦30,000 yẹn nìkan ni a ó fi kún owó ọdún rẹ̀. Bí owó ìfẹ̀yìntì kò bá kan owó àfikún náà, ₦4,500 ni owó-orí tí yóò lé.

## Ojúṣe agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́

Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó tí ó yọ fún LIRS ó pẹ́ tán ní ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ó tún gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ gbogbo ọdún, tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀mù H1, ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún tuntun tó kọjá. Owó tí wọ́n ti yọ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí agbanisíṣẹ́ yọ ọ́ kó má sì san án. Nítorí náà, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ tọ́jú ìwé owó-iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí owó ilé tí ó san, kí ó lè fi hàn bí iyàn bá wáyé.