Gírámà Yorùbá fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun: Àpẹẹrẹ láti Ọjà Fìdítì

Gírámà Yorùbá ni òfin tí a fi ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ di gbólóhùn nínú èdè Yorùbá. Lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ni èyí tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ̀ jáde ní 1843. Èdè Ọ̀yọ́ tí Crowther gbọ́ láti kékeré ni ó pọ̀ jù nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Fìdítì, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kò fi ní jìnnà sí èdè inú ìwé. Ọjà èso ìlú náà tó láti fi kọ́ ọ.

Olùwà ní ń ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe a tẹ̀ lé e, àbọ̀ a sì kẹ́yìn: *Àjàyí ra ọsàn*. Kì í ṣe gbogbo èdè ló rí bẹ́ẹ̀. Lédè Híńdì ti Íńdíà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń kẹ́yìn, ó sì ń yí padà: ọkùnrin tó ń jẹ ọsàn a ní *khata*, obìnrin a ní *khati*. Yorùbá kò bìkítà fún akọ tàbí abo. *Ó* kan náà ni fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́. Ọjọ́ orí àti ipò ni tiwa. *Èló ni ò ń tà á?* dára fún ẹgbẹ́ ẹni, ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó ti agbọ̀n ọsàn, *Èló ni ẹ̀ ń tà á, mà?* ni a ń bi í. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, *wọ́n* ni a ó lò.

Ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà nítorí iye: *ọsàn kan*, *ọsàn mẹ́wàá*. Ẹ̀yán ń tẹ̀ lé e: *ọsàn dídùn*, *ọjà Fìdítì*. *Kò* tàbí *ò* la fi ń kọ̀: *mi ò ra ọsàn*.

Ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú kò ní ìrù tí a ń so mọ́ ọn fún àsìkò. *Mo ra ọsàn* fi hàn pé ó ti ṣẹlẹ̀. *Mò ń ra ọsàn*, ó ń lọ lọ́wọ́. *Mo ti ra ọsàn*, ó ti parí. *N ó ra ọsàn*, ó ṣì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n *mo mọ Fìdítì*, tí kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kankan láàrin, ti ìsinsìnyí ni, nítorí pé mímọ̀ kì í ṣe ìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ kó tó tán.

Ohùn ni kókó gbogbo rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta ni: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. *Ọsàn* ni èso. *Ọ̀sán* ni ìgbà tí oòrùn wà lókè. A lè jẹ *ọsàn lọ́sàn-án*, ẹni tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohùn tún ń ṣiṣẹ́ gírámà fúnra rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni *rà* ní nínú *kí ni o rà?* Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ó bọ́ sí àárín: *mo ra ọsàn*. Gbé àbọ̀ náà síwájú, ohùn ìsàlẹ̀ padà: *ọsàn ni mo rà*. Arọ́pò-orúkọ kì í sì í gbé ohùn kúrò lórí rẹ̀: *mo rà á*. Arọ́pò náà gan-an ń wo ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe kó tó gba tirẹ̀: *mo rí i*, *mo jẹ ẹ́*, *mo rà á*. Lẹ́yìn ohùn òkè nìkan ló ń gba àárín. Níbi tó kù, òkè ni.

Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí ìwé rẹ̀ *A Grammar of Yoruba* jáde ní 1966, àti Ọládélé Awóbùlúyì, tí tirẹ̀ jáde ní 1978, kò fẹnu kò lórí gbogbo nǹkan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohùn òkè tó ń yọ láàrin olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, bí *ọmọ* ṣe ń di *ọmọ́* nínú *ọmọ́ lọ*. Akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò àríyànjiyàn náà. Kó kàn máa sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu onílùú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yọ àmì ohùn kúrò nínú ohun tí ẹ bá kọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun.